Ẹ̀rọ Wo Ni Ká Fi Mọ Ọmọ Tí Oúnjẹ Ń Bá Jà? Ìfiwéra Fún Àwọn Ilé Ìwé Wa L'Ékòó

Kúlà kékeré kan ni ìyá náà gbé sórí tábìlì. Ó ṣí i. Ìrẹsì àti dòdò tó bù sínú rẹ̀ láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ọ̀rá ti dì lójú ọbẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí oúnjẹ ń padà wálé bó ṣe lọ, tí ọmọ òun, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, á sì ní òun ti jẹun nílé ìwé. Nọ́ọ̀sì ti ní ọgbẹ́ inú ni. Tíṣà kíláàsì ní ẹ̀rù WAEC ni. Pásítọ̀ ní kí wọ́n gbàdúrà sí i. Kò sẹ́ni tó tíì bi ọmọ náà léèrè ohun tó ń rí nígbà tó bá wo dígí.

Ilé ìwé aládàáni kan ní Súrùlérè lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ dátà ni mò ń ṣe ní Yábà, wọ́n sì pè mí nítorí pé àwọn kan ti gbé ẹ̀rọ wá tà fún wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n ní yóò máa sọ ọmọ tó wà nínú ewu àìsàn ìjẹun kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí. Àwọn mìíràn tún gbé tiwọn wá lọ́sẹ̀ kejì. Ọ̀gá ilé ìwé bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ká mú nínú gbogbo ìwọ̀nyí?" Ìdáhùn tí mo fún un ni mo kọ síbí, mo sì fi ohun tí mo rí lẹ́yìn ìgbà náà kún un.

Àìsàn wo là ń sọ?

Kì í ṣe ṣàkọ, kì í ṣe ìgbéraga ọmọ tó rí oúnjẹ tí kò jẹ. Ọmọ tó ní anorexia ń febi pa ara rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù sísanra ti gbà á lọ́kàn, bó tilẹ̀ ti rù kan eegun. Ẹni tó ní bulimia á jẹ àjẹjù, á wá ọ̀nà láti lé oúnjẹ náà jáde, ojú á sì máa tì í. Ẹ̀yà kẹta wà, àjẹjù tí èèyàn kò lè kápá, tí kò sì ní lílé jáde nínú. 2013 ni ìwé DSM-5 tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń lò tó kà á sí àìsàn tó dá dúró. Anorexia wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń pa èèyàn jù lọ. Ara tó ń bì lemọ́lemọ́ á pàdánù èròjà potassium, ọkàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège.

Ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí ni pé àìsàn òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ ká wo erékùṣù Fiji. Wọ́n fẹ́ràn ara tó kún níbẹ̀, bíi tiwa gan-an. Tẹlifíṣàn dé agbègbè Nadroga ní 1995. Anne Becker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé léèrè lọ́dún yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní òun ń bì kí òun má bàa sanra. Nígbà tí wọ́n padà síbẹ̀ ní 1998, ìdá 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré, tẹlifíṣàn lásán. Fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tiwa kì í sùn.

Kí wọ́n tó fi 98 yí yín lórí

Machine learning ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Wọ́n á kó ìdáhùn ọ̀pọ̀ ọmọ tí dókítà ti yẹ̀ wò fún kọ̀ǹpútà, wọ́n á sọ èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tí ara rẹ̀ le, kọ̀ǹpútà á sì fúnra rẹ̀ wá ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí ọmọ tuntun bá dé iwájú rẹ̀, á sọ bí ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Àwọn tó ń tà á á ní ẹ̀rọ àwọn ń gbà á tọ̀nà ní ìgbà 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ọmọ 1,000 ló wà nílé ìwé yín, tí 20 nínú wọn sì ní àìsàn yìí. Ẹ̀rọ tó bá lanu wí pé "kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn níbí" ti gba 980 tọ̀nà. 98 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, kò sì rí ọmọ kankan.

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Nínú 20 tó ń ṣàìsàn, mélòó lẹ ó rí? Nínú àwọn tí ara wọn le, mélòó lẹ ó ṣì mú? Ká ní ó rí 16 nínú 20, tó sì ṣi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yòókù mú. 98 ni àwọn tó ṣì mú yẹn. Orúkọ 114 ló máa bọ́ sọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀, 16 péré ló jóòótọ́. Bó bá pe ọmọ méje wọlé, bóyá ni ẹyọ kan fi máa jẹ́ ẹni tó ń wá. Mo ní kẹ́ ẹ ro àwọn mẹ́fà yòókù, kẹ́ ẹ ro ìyá wọn tó máa béèrè pé, "Kí lẹ rí lára ọmọ mi?" Ìbéèrè ìyá yẹn ni mo fi wọn gbogbo ẹ̀rọ tó kù nísàlẹ̀ yìí.

Pépà lásán

SCOFF jẹ́ ìwé ìbéèrè kúkúrú tí wọ́n fi ń wá àìsàn yìí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1999: ìbéèrè márùn-ún, "bẹ́ẹ̀ ni" méjì tó láti pe ọmọ jókòó. EAT-26 jáde ní 1982, ìbéèrè 26 ló ní, máàkì 20 sì ni ààlà rẹ̀. Méjèèjì kò gba iná, kò gba dátà, nọ́ọ̀sì kan lè ṣe é fún odindi kíláàsì kí agogo tó lù. Bí ìyá bá béèrè ìdí, ẹ ó fi ìdáhùn ọmọ rẹ̀ hàn án.

Àléébù wọn wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi béèrè. SCOFF ń béèrè bóyá ìwọ̀n ara ti dín ju stone kan lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Ta ló ń fi stone wọn ara l'Ékòó? Kìlò 6.35 ni, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó tún ń béèrè pé, ṣé o gbà pé o sanra nígbà tí àwọn èèyàn ń sọ pé o ti rù jù? Níbi tí "Ah, o ti sanra!" ti jẹ́ ìkíni àti ìyìn, tí ìyá àgbà kò sì tíì rí ọmọ tí kò rù lójú rẹ̀ rí, ìbéèrè yìí kò lè dúró bó ṣe dúró ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ fúnra wọn kì í sọ pé "mo sanra". "Orobo" ni wọ́n ń pe ara wọn, "lépa" ni wọ́n fẹ́ dà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ìdáhùn tó jóòótọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí ara wọn ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ fi bi wọ́n.

Nǹkan méjì tún kù. Ara àwọn obìnrin ni wọ́n ti dán EAT-26 wò nígbà tí wọ́n ń ṣe é, nítorí náà ọmọkùnrin tó ń febi pa ara rẹ̀ kí six-pack lè yọ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ọmọ tó sì ń fi àìsàn pamọ́ mọ "rárá" tó máa gbà á sílẹ̀.

Káàdì máàkì

Ibí ni ẹ̀rọ ti ń wúlò. Dípò kó kojú oúnjẹ nìkan, ó lè wo àyíká ọ̀rọ̀ náà: ṣé wọ́n ń fi ara ọmọ yìí ṣẹ̀sín, ṣé ó ń ṣe dáyẹ́ẹ̀tì tí dókítà kankan kò pa láṣẹ, ṣé inú rẹ̀ ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́, ṣé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ pé pérépéré lójú rẹ̀, ṣé irú rẹ̀ ti wà nínú ẹbí. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni àwọn oníwádìí ti mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣáájú àìsàn ìjẹun. Logistic regression ni orúkọ ọ̀nà ìṣirò náà. Ó ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, a sì lè sọ ìwọ̀n náà di máàkì: ìṣẹ̀sín 2, dáyẹ́ẹ̀tì 3, kì í jẹun lójú èèyàn 2, ìbànújẹ́ 1. (Àpẹẹrẹ ni mo fi nọ́ńbà wọ̀nyí ṣe, ẹ má lọ lò wọ́n.) Gbogbo rẹ̀ á gba ojú ìwé kan, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì.

Ibi tó kù sí ni pé ó ń wo nǹkan lójú ọ̀nà tààrà. Bí oorun àsùnjù àti àìsùn bá burú bákan náà, kò ní rí i. Bí ìṣẹ̀sín bá burú fún ọmọ tó wà ní bọ́dìn ju ọmọ tó ń ti ilé wá lọ, kò ní rí i àyàfi bí ẹnì kan bá sọ fún un.

Igi ìpinnu náà wà, èyí tó ń béèrè ìbéèrè kan, tó ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ó rọrùn láti kà. Àmọ́ ẹ yọ ọmọ díẹ̀ kúrò nínú dátà, ẹ tún un kọ́, igi mìíràn ló máa hù. Mi ò ní fi ọmọ ẹlòmíràn sórí ẹ̀ka tó ń mì bẹ́ẹ̀.

Igbó igi, àti ògbufọ̀ rẹ̀

Èyí ni wọ́n ń tà jù. Random forest, ti Leo Breiman ní 2001, ń gbin ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi, á ní kí wọ́n dìbò. XGBoost ti 2016 ń gbin wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí tuntun máa ṣàtúnṣe àṣìṣe èyí tó ṣáájú. Agbára wọn kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ka igi ẹgbẹ̀rún, nítorí náà wọ́n ń yá ògbufọ̀. SHAP ni ògbufọ̀ tó lókìkí jù, Scott Lundberg àti Su-In Lee ló gbé e jáde ní 2017, lórí ìṣirò tí Lloyd Shapley ti ṣe láti 1953.

Ẹ jẹ́ kí n fi bẹ́ẹ̀lì òkìríkà ṣàlàyé ìṣirò yẹn. Obìnrin mẹ́ta pawọ́ pọ̀ ra bẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan ní owó, ọ̀kan mọ bẹ́ẹ̀lì tó dára, ọ̀kan ní ìsọ̀ lọ́jà Yábà. Wọ́n jèrè. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in? Shapley ní ká to wọn ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò wọlé, ká wo iye tí èrè fi ń ga sí i nígbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wọlé, ká sì wá àárín gbùngbùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni SHAP ṣe ń pín máàkì ọmọ kan láàárín àwọn ìdáhùn rẹ̀: dáyẹ́ẹ̀tì ló fi báyìí kún un, ìbànújẹ́ ló fi tọ̀hún kún un.

Ó dára, mo sì ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ohun tí ẹ̀rọ kà ló ń sọ, kì í sọ ohun tó ń ṣe ọmọ. Bí ẹ̀rọ bá gba ìtàn òdì gbọ́, SHAP á fi ìtàn òdì náà hàn yín pẹ̀lú àwọ̀ pupa àti búlúù tó rẹwà. Bí ìdáhùn méjì bá sì ń rìn pọ̀, bí àìsùn àti ìbànújẹ́, ìpín wọn á dàrú mọ́ra. LIME tí í ṣe ògbufọ̀ mìíràn lè fún yín ní ìdí tó yàtọ̀ bẹ́ ẹ bá bi í lẹ́ẹ̀kejì lórí ọmọ kan náà. Ní 2019, Cynthia Rudin ti Yunifásítì Duke kọ̀wé pé níbi tí ìpinnu bá ti wúwo, ká yé fi àlàyé bo ẹ̀rọ tí kò hàn, ká lo èyí tí ìdí rẹ̀ hàn láti ilẹ̀. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Lórí dátà ìwé ìbéèrè bíi tiwa yìí, èrè tí igbó igi ń mú wá lórí èyí tó ṣeé kà kì í sábà tó nǹkan.

Ilà kọ̀ọ̀kan lójú ara rẹ̀

Explainable Boosting Machine ni orúkọ èyí tí mo fẹ́ràn jù, EBM ní kúkúrú. Ọ̀fẹ́ ni, nínú àkójọ InterpretML tí Microsoft gbé síta. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní àwòrán ilà tirẹ̀: ibi tí ilà bá ti gòkè, ewu gòkè níbẹ̀. Ó lè tẹ̀ kọrọdọ, nítorí náà ó rí oorun àsùnjù àti àìsùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó wá ro àwọn ilà náà pọ̀, ó parí. Ilà tó bá sì ń ṣì wí, ẹ ó rí i, ẹ ó tún un ṣe.

Rich Caruana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ohun kan jáde ní 2015 tí n kì í gbàgbé. Lórí dátà àwọn tó ní àìsàn pneumonia l'Ámẹ́ríkà, ẹ̀rọ kọ́ ọ pé ẹni tó ní asthma pẹ̀lú rẹ̀ kì í tètè kú. Kí ló fà á? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà máa ń gbé lọ sí yàrá ìtọ́jú líle kíákíá, ìtọ́jú yẹn ló ń gbà á là. Ká ní wọ́n ti gbọ́ràn sí ẹ̀rọ lẹ́nu, wọn ì bá ti dá a padà sílé. Ẹ̀rọ tó ṣeé kà ló jẹ́ kí wọ́n rí i.

Asthma tiwa níbí ni ààwẹ̀. Mo dá ọmọ àfinúrò méjì sílẹ̀, mo fi ìdáhùn kan náà kún fọ́ọ̀mù wọn látòkè délẹ̀, àyàfi pé ọ̀kan kì í jẹun láàárọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mo gbé wọn fún ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ ta fún ilé ìwé náà. Ọ̀kan wà ní "ewu kékeré", èkejì bọ́ sí "ewu ńlá". Ramadan nìkan ló ya wọ́n. Ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde kò sọ ju "ìṣesí ìjẹun" lọ. Nígbà tí mo kọ́ EBM lórí irú dátà bẹ́ẹ̀, ilà "ọjọ́ tí kò jẹun àárọ̀" gòkè bí àtẹ̀gùn níwájú mi, kò pamọ́.

Ẹ ro ó wò. Ọmọ Mùsùlùmí ń gba Ramadan, ti Àgùdà ń gba Lẹ́ńtì, ọ̀pọ̀ ìjọ ń gba ọjọ́ mọ́kànlélógún ní January. Ọmọ tí kò sówó nílé ń jẹ 0-1-0. Máàkì kan náà ni ẹ̀rọ tó ti ìlú òkèèrè wá máa fún gbogbo wọn, pẹ̀lú ẹni tó ń sá fún oúnjẹ lóòótọ́. Ẹ má sì torí ẹ̀ pa ìbéèrè náà rẹ́, nítorí pé ààwẹ̀ ni ibi tó dára jù láti fi àìsàn yìí pamọ́ sí nílé wa: kò sí òbí tó máa bínú sí ọmọ tó ń gbààwẹ̀. Èyí tó yẹ ni kẹ́ ẹ fi mẹ́ta lé e. Ta ló pè é? Ta lẹ jọ ń gbà á? Bí ilẹ̀ bá ṣú, ṣé o máa ń ṣínu bíi ti àwọn yòókù? Ọmọ tó ń gbààwẹ̀ á máa retí ìṣínu. Èyí tí oúnjẹ ń bá jà á máa wá ìdí tí kò fi ní jókòó ti àwo.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkankan

Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí dátà ẹlẹgẹ́, ó sì béèrè ìyọ̀ǹda òbí fún ọmọdé. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003, ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni ọmọdé. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi há àárín ìwé owó ilé ìwé kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ béèrè ibi tí dátà ń gbé àti ẹni tó lè pa á rẹ́.

Orúkọ tó jáde kò gbọ́dọ̀ dé yàrá àwọn tíṣà. Gbogbo wa mọ ohun tí "wọ́n gbé e lọ Yábà" túmọ̀ sí lẹ́nu ará Èkó. Ọmọ tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ yẹn pè lẹ́ẹ̀kan kò ní la ẹnu mọ́. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábà náà, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Oshòdì, LUTH sì wà ní Ìdí-Àràbà. Ẹ ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó bi ọmọ àkọ́kọ́ ní ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí kò bá sẹ́ni tó máa gba ọmọ náà lọ́wọ́ yín, ẹ má ra ẹ̀rọ kankan. Ọmọ tó dákú, tí àyà rẹ̀ ń já, tàbí tó ń bì léraléra kò sì nílò máàkì. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ilé ìwé kékeré tó ní nọ́ọ̀sì kan: ẹ mú SCOFF tẹ́ ẹ ti tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú káàdì máàkì tí onímọ̀ ìlera ọpọlọ ti yẹ̀ wò. Àwọn ilé ìwé tó pawọ́ pọ̀, tí wọ́n ní oníṣẹ́ dátà àti dókítà lẹ́yìn: EBM, kẹ́ ẹ sì jókòó ka ilà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kánsẹ́lọ̀, ìyá kan, àti ọmọ kan tàbí méjì. Igbó igi pẹ̀lú SHAP: ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn oníwádìí yunifásítì, títí wọ́n á fi fi dátà àwọn ọmọ tiwa hàn pé ó ń rí ọmọ tí EBM kò rí.

Ilé ìwé Súrùlérè yẹn mú káàdì. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí kánsẹ́lọ̀ kà á fún ìyá tó gbé kúlà wá, ó ti tilẹ̀kùn, ó ti pa fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi. Kì í jẹun àárọ̀."

"Ẹ fagi lé ìyẹn, mà. Aago márùn-ún la ń kúrò n'Íkòtún nítorí gósìlóò. Kò sẹ́ni tó ń jẹun àárọ̀ nílé wa."

Ó fagi lé e. "Wọ́n ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Orobo ló ń pè é. Mo rò pé eré ni."

"Ó máa ń wọ tọ́lẹ́ẹ̀tì gẹ́rẹ́ tó bá jẹun alẹ́ tán."

Ìyá náà kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó fa kúlà náà mọ́ra. "Ó máa ń ṣí omi sílẹ̀," ó ní. "Á máa dà ṣàà. Mo máa ń pariwo mọ́ ọn pé kó má fi omi ṣòfò."